Lẹ́tà sí Maria Holl, onílé èrò ní Nördlingen ní gúúsù Jámánì, tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní 1593

Ìyá wa Maria,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kò mọ̀ mí rí, a kò sì bá ara wa tan. Ọmọ Yorùbá ni mí, gúúsù Jámánì ni mo ń gbé, ilé oúnjẹ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára ju ti àwọn ọba àti ọ̀gágun tí wọ́n ń ròyìn fún àlejò ní Nördlingen. Ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ fún èrò máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ilé. Odi ìlú yín kò wó. Láti 1327 tí Ọba Ludwig ará Bavaria ti pàṣẹ kí wọ́n fẹ ìlú lójú, kí àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ awọ tó ń gbé lẹ́yìn odi àkọ́kọ́ lè bọ́ sábẹ́ ààbò, odi kejì yìí ṣì yí ìlú po. Ó lé ní kìlómítà 2.5, èèyàn sì lè rìn ín yípo lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ibodè 5 tí ẹ mọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mọ́tò ló ń gbà wọ́n kọjá báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò lè mọ̀ nígbà ayé yín: inú kòtò ni wọ́n tẹ ìlú yín dó sí. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 15 sẹ́yìn, òkúta ràgàjì kan já bọ́ láti ojú sánmà, ó sì gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó kìlómítà 24. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ries tí ẹ ń wò lójoojúmọ́ nìyẹn. Òkè oníná ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rò pé ó dá a, títí Eugene Shoemaker àti Edward Chao láti Amẹ́ríkà fi rí èròjà kan nínú òkúta ibẹ̀ ní 1960, èyí tí òkè oníná kò lágbára láti ṣẹ̀dá. Ní 1970, àwọn tó ń múra àtilọ sí òṣùpá pẹ̀lú Apollo 14 wá kọ́ nípa òkúta níbẹ̀. Òkúta yìí kan náà ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint George yín. Dáyámọ́ńdì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. (Ẹ má ba ọkàn jẹ́, kò sẹ́ni tó lè tìtorí rẹ̀ wá fọ́ ògiri ilé Ọlọ́run.)

Ọdẹ náà ṣì ń ké lórí Daniel, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tó ga tó mítà 90. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di méjìlá òru, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: “So, G'sell, so!” (bí ìgbà téèyàn ń sọ pé “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni!”). Wọ́n á wá sọ ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn àlejò: pé ní 1440, ìjòyè Oettingen fún àwọn oníbodè ní rìbá kí wọ́n má ti ibodè Löpsingen, pé ẹlẹ́dẹ̀ kan wá ń fi ara yun ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu, pé obìnrin kan rí i, ó sì fi igbe yẹn kan náà ta. Wọ́n ní wọ́n pa àwọn oníbodè náà. N kò lè búra fún ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìlú fẹ́ràn nínú ìtàn rẹ̀: ìta ni ọ̀tá wà, owó ló fẹ́ fi wọlé.

Àwọn tó wá mú yín kò ti ìta wá.

Láyé olórí ìlú Johannes Pferinger ni ìgbìmọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá àjẹ́ kiri, ní 1589. Kó tó dáwọ́ dúró ní 1598, obìnrin 34 àti ọkùnrin 1 ti kú. Ní ilé wa, opó àti ìyá arúgbó tí kò lólùgbèjà ni wọ́n sábà máa ń pè ní àjẹ́. Ní Nördlingen, ìyàwó àwọn ọlọ́lá pàápàá kò yọ. Rebekka Lemp, ìyàwó akápò ìlú, wọ́n sun ún ní 1590. Lẹ́tà tó kọ sí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀wọ̀n ṣì wà títí dòní. Ó ní òun kò mọwọ́mẹsẹ̀, ó sì bẹ ọkọ kó fi ohun tí òun máa fi kú ránṣẹ́, nítorí oró náà fẹ́ borí òun. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ìlú kékeré ni. Ó lè ti jẹun nílé yín rí.

Wọ́n á dá obìnrin lóró títí á fi jẹ́wọ́. Tó bá jẹ́wọ́ tán, wọ́n á ní kó dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Báyẹn ni orúkọ yín ṣe bọ́ sílẹ̀ ní 1593. Ará agbègbè Ulm ni yín, ẹ̀yin àti ọkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1586, ẹ sì ń ṣe ilé èrò Goldene Krone. Ìgbà 62 ni wọ́n dá yín lóró. Ìgbà 62 ni ẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí orúkọ kankan tí ẹ fún wọn tí wọ́n lè fi mú ẹlòmíràn. Àwọn ará Ulm wá bá yín bẹ̀bẹ̀, ní oṣù kẹwàá 1594 wọ́n sì tú yín sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n mú kí ẹ búra pé ẹ kò ní gbẹ̀san. Lẹ́yìn yín, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ní 1634, ọdún tí ẹ papò dà, ogun Kaiser (olú ọba ilẹ̀ Jámánì) àti ti Spain dó ti ìlú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣẹ́gun àwọn ará Sweden tó fẹ́ wá gba Nördlingen sílẹ̀, ìlú sì juwọ́ sílẹ̀. Ebi, àjàkálẹ̀ àrùn, gbèsè. Òwò kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ibẹ̀ ni ẹwà tí wọ́n ń ya ní fọ́tò ti wá: nígbà tí àwọn ìlú mìíràn ń rówó wó odi wọn láti fẹ títì, owó kò sí lọ́wọ́ Nördlingen. Nígbà tí rélùwéè dé ní 1849, ẹ̀yìn odi ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún àlejò bíi pé ìfẹ́ ni wọ́n fi tọ́jú ìlú náà. Ìṣẹ́ ni.

Ìsun omi kan wà ní Weinmarkt báyìí tó ń jẹ́ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ogójì ọdún ni ẹ tún lò lẹ́yìn tí wọ́n tú yín sílẹ̀, nínú odi kan náà pẹ̀lú àwọn tó fa okùn, àwọn tó ń kọ ohùn yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ké, àti àwọn aládùúgbò tó mọ̀ tí wọ́n dákẹ́. Wọ́n á fẹ́ mu ọtí, wọ́n á fẹ́ jẹun. Ṣé ẹ gbé e fún wọn? Ṣé wọ́n lè wo ojú yín nígbà tí wọ́n ń sanwó?

Èmi ni,
alásè kan, ọmọ Yorùbá.