Kìlómítà 25 Àkọ́kọ́ Ló Ń Dá Arìnrìn-àjò Santiago Padà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àyè fún lẹ́tà yìí. Ọdún 2027 ò jìnnà mọ́. Lọ́dún náà, 25 oṣù Keje, tí í ṣe àjọ̀dún Jákọ́bù Àpósítélì, máa bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, èyí tó sọ ọ́ di Ọdún Mímọ́ ní Santiago de Compostela, lórílẹ̀-èdè Spéìn, ìlú tí wọ́n gbà pé ibojì Jákọ́bù wà, tí àwọn èrò máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Èrò á pọ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí a fẹ́ sọ fún àwọn tó ń gbèrò àtifẹsẹ̀ rin ìrìn-àjò mímọ́ yìí láti Saint-Jean-Pied-de-Port, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Faransé lẹ́bàá ààlà Spéìn, ni pé kí wọ́n má bẹ̀rù nǹkan bíi 780 kìlómítà tó wà níwájú. Kìlómítà 25 àkọ́kọ́ ni kí wọ́n bẹ̀rù.

Saint-Jean fi nǹkan bí 170 mítà ga ju òkun lọ. Col de Lepoeder, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà orí òkè tí ẹ máa gùn lọ́jọ́ kìíní gan-an, ga ju 1,400 mítà lọ, lẹ́yìn èyí lẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ wọ Roncesvalles ní Spéìn, níbi tí ìrìn ọjọ́ náà parí sí. Ara tí kò mọ ẹrù àti bàtà tí kò mọ ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa fojú hàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìléròrò tó bá sì yọ lọ́jọ́ yẹn, ó lè bá ènìyàn rìn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹrù la fẹ́ kọ́kọ́ bá wí. Báàgì ẹ̀yìn tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ. Ẹni tó bá wọn 70 kílò, kílò méje ni tirẹ̀. Omi lítà kan sì rèé, kílò kan ni. Ẹ̀wù méjì, ṣòkòtò méjì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ òtútù kan, aṣọ òjò tó lè bo báàgì mọ́ra, àpò ìsùn tí kò tó kílò kan, sálúbàtà fún ìrọ̀lẹ́: ó tó, aṣọ tí a ń fọ̀ lálaalẹ́ kì í tán. Ẹ fi ṣòkòtò jíǹsì sílé. Bí òjò bá pa á, á wúwo, kò sì ní gbẹ mọ́jú. “Bóyá màá nílò rẹ̀” ló ń sọ báàgì kílò méje di méjìlá. Bí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ kọ́kọ́ de ìgbànú rẹ̀ mọ́ egungun ìbàdí, kí ẹ tó fa okùn èjìká. Ìbàdí ló ń ru ẹrù, èjìká kàn ń dì í mú ni. Ẹni tó bá ṣe é sódì, ọrùn ló máa ro ó.

Ẹ ra bàtà nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò gan-an dán an wò. Kí àyè ìka ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún oṣù méjì, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra. Ooru, òógùn àti kí nǹkan máa ha ara ló ń bí ìléròrò. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń fa òógùn mọ́ra, ti irun àgùntàn ló dáa jù. Ibi tó bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ dúró, ẹ bọ́ bàtà, ẹ lẹ bándéèjì mọ́ ọn. Ẹni tó ní òun á dúró bí òun bá dé orí òkè ti pẹ́ jù. Kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ so okùn bàtà le lọ́rùn ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà máa yọ̀ síwájú. Ohun tó ń mú kí èékánná dúdú kó sì bọ́ nìyẹn.

Títì tó tẹ́jú nìkan kò tó fún ìdánrawò. Gígun òkè ń kọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń kọ́ itan àti orúnkún. Bí kò bá sí òkè, ẹ wá àtẹ̀gùn. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé báàgì tó kún rìn lọ́jọ́ méjì léra, 20 kìlómítà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì ló máa sọ òótọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ físà ń da ọ̀pọ̀ rú. Ilẹ̀ Faransé ni ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Spéìn lẹ ti máa pẹ́ jù, nítorí náà ọ̀dọ̀ Spéìn lẹ ti máa béèrè fún físà Schengen; ọ̀kan náà ló kárí méjèèjì. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni ẹ ti lè fìwé sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán.

Ní Saint-Jean, ilé iṣẹ́ àwọn arìnrìn-àjò ní rue de la Citadelle lẹ ti máa gba credencial, ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí níbi tí ẹ bá sùn. (Láti Sarria, ìlú tó ku díẹ̀ lé ní 100 kìlómítà sí Santiago, òǹtẹ̀ méjì ni lóòjọ́.) Ẹ bi wọ́n bí ojú ọjọ́ ṣe rí lókè, kí ẹ sì gbà wọ́n gbọ́. Láti 1 oṣù Kọkànlá di 31 oṣù Kẹta, wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó gba Valcarlos kọjá ni kí ẹ gbà. Yìnyín àti kùrukùru ti pa ènìyàn lókè yẹn rí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lójú lè sùn ní Orisson, ilé èrò kan lójú ọ̀nà orí òkè, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ sí Saint-Jean, ṣùgbọ́n ibùsùn ibẹ̀ kò pọ̀, kó tètè gbà á sílẹ̀.

Láti Lepoeder, ọ̀nà inú igbó yá, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀nà kejì, tó gba Ibañeta kọjá, gùn díẹ̀, orúnkún yín á sì dúpẹ́. Ẹ má sì ju ọ̀pá ìtilẹ̀ nù bí ẹ bá dé Roncesvalles: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Zubiri lọ́jọ́ kejì, òkúta ni, òjò sì máa ń mú kó yọ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn arìnrìn-àjò ọ̀nà Santiago