Ẹ fi ọ̀rọ̀ àbísínwín kún ẹ̀kọ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iyán ni mò ń gún tà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí.

Ìyàwó mi, ìyẹn ìyàwó àkọ́bí mi, bímọ lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn ìkómọ ni oorun dá lójú rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, mo jí, mo bá a lẹ́yìnkùlé tó ń fọ ìlédìí kan ṣoṣo, ó sá a, ó tún ká a, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ọmọ ń ké nínú ilé, kò gbọ́. Mo pè é, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó ní ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

Àbísínwín. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n bí èpè ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. A fi í pamọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi gbé e kiri ilé àdúrà, títí ọmú fi gbẹ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi ló bi mí pé, "Màmá, ìyàwó yín dà?" Ẹnu mi kò lè pa á mọ́ mọ́. Òun ló darí wa sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún un lóògùn, ó sùn. Lónìí, èmi àti ẹ̀ ni a jọ ń gún iyán.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: jálẹ̀ oyún náà ni mo ń bá a lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa. Lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọ́ wa ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, abẹ́rẹ́ àjẹsára. A kọrin, a pàtẹ́wọ́. Wọn ò dárúkọ àìsàn ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò bá àwọn nọ́ọ̀sì jà, ohun tí wọ́n bá gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń kọ́ wa. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, ti fọwọ́ sí òfin lórí ìlera ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kó dé orí bẹ́ǹṣì wa.

Kí wọ́n sọ fún wa pé ìyá ọmọ lè máa sunkún fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ó sì máa ń lọ. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un wá. Èyí tí kò sùn rárá, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Kí wọ́n pe àwa ìyá ọkọ àti àwọn ọkọ síbẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀. Àwa tí a jọ wà nílé la máa kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ládùúgbò wa. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ṣe tán.

Èmi ni,
Ìyá Oníyán,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.