Ẹrù Wà ní Búùtù, Ẹ̀rù Wà Láyà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀ bí mo ṣe jókòó kọ èyí. Ọmọ ọdún méje kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti di P.O.P mọ́ lápá òsì. Ó ń bi mí bóyá òkun yóò ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn bá lọ lọ́jọ́ mìíràn. Mo ní òkun ò lọ ibì kankan. Bàbá rẹ̀ jókòó sídìí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò lè gbójú sókè wò mí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni bàbá ọmọ yìí. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń tọ́jú owó. Ó háyà ilé oníyàrá méjì kan létí òkun ní Grand-Popo, lórílẹ̀-èdè Benin, fún ọjọ́ méje, ilé tó ní kíṣìnnì tiẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta, nínú ọkọ̀ ara wọn. Wọn ò ní jẹun hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á máa fọwọ́ ara wọn se é. Mo yìn ín. Kí bàbá fúnra rẹ̀ gbé àwọn ọmọ ẹ̀ jáde lọ wo ayé, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n lọ, ìyàwó rẹ̀ pè mí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, kì í sùn mọ́." Ó ní aago méjì òru lòun jí tí òun bá a ní pálọ̀, ó tẹ́ gbogbo ìwé ọkọ̀ sórí rọ́ọ̀gì, ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka owó àjọ. Mo pe ọkọ rẹ̀. Mo ní báwo ni? Ó ní, "Kò sí wàhálà, sà. A ti ṣe tán." Mo gbà á gbọ́. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí pé mo gbà á gbọ́.

Aago kan òru ni wọ́n gbéra ní Challenge, n'Íbàdàn, torí ó fẹ́ dé bodè Sẹ̀mẹ̀ kí èrò tó pọ̀. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́rin! Wọn ò tíì dé Ṣágámù tí oorun fi gbé e lọ. Ọkọ̀ lọ fẹ̀gbẹ́ gbá kọnkéré àárín títì. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí ìyàwó rẹ̀ dì sẹ́yìn fọ́, epo náà bo àwọn ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tó sáré wá fà wọ́n jáde sì ń ké pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Gbogbo ẹbí ń sọ pé oorun ló fa ìjàǹbá náà. Èmi mọ ohun tó fa oorun.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín o: pé ẹ̀rù bà á kọ́ ló bí mi nínú. Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Èèyàn fẹ́ wakọ̀ wọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn, kò mọ ẹni tó máa dá a dúró lọ́nà, kò mọ bí kíṣìnnì tó sanwó fún ṣe rí. Bí àyà rẹ̀ ò bá já, èmi gan-an ni àyà mi ì bá já. "Kò sí wàhálà, sà" yẹn ló bí mi nínú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n bí nígbà tí gbogbo wa ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ò lè mọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún. Mo ti ń wakọ̀ fún ọdún mẹ́ta nígbà náà. Bí mo ṣe ń rọra gba Dùgbẹ̀ kọjá lọ́jọ́ yẹn, mo di sítíárì mú bí ẹni di ọmọ mú létí kànga. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára.

Oṣù Kejìlá ọdún 1973, mo gbé ìyàwó mi àti àkọ́bí wa, tí kò tíì pé ọdún méjì, sínú Peugeot 404, ó di Ghana. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ti gbé Kùmásì fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di oṣù Kọkànlá 1969 tí ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú àpótí kan, àmọ́ ó ṣì ní ọ̀rẹ́ kan ní Accra tó ní ká wá lo ilé òun. Ọwọ́ awakọ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ rán sí wa. Kò sí nǹkan kan nínú ilé náà ju ibùsùn àti sítóòfù lọ, nítorí náà ìyàwó mi di gàrí, ó di èlùbọ́, ìrù, ata gígún, ẹja gbígbẹ, títí kan ọmọrogùn. Náírà ò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ wa, January ọdún yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò pọ́n-ùn, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní bodè sì ń yí bébà rẹ̀ wò tẹ̀yìn tiwájú.

A gba Abẹ́òkúta dé Ìdírókò, a wọ Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe Benin nígbà náà. Yorùbá la sọ tí a fi ra búrẹ́dì ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Dàhòmì, apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà. Tógò, apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n Ghana ṣì wà lápá òsì. Oṣù Kẹjọ 1974 ni wọ́n tó yí tiwọn padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò n'Íbàdàn. Òru mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ tí mo ń rò ó: ọwọ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbé òsì yìí, ṣé yóò tún rántí ẹ̀? N kò sọ fún ìyàwó mi. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù á ba òun náà, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé wa. Ọkùnrin ni mo ń ṣe.

Ìdájí la kọjá Aflao, bodè Ghana. Mo wà lápá òsì bó ṣe yẹ, mo ń ṣe dáadáa. A dúró kí ọmọ tọ̀. Mo padà sínú ọkọ̀, mo gbéra, apá ọ̀tún ni mo sì bọ́ sí. Ìyàwó mi rí i. Ẹ gbọ́ o, ó rí i! Ṣùgbọ́n ó rò pé bí wọ́n ṣe ń wà á níbẹ̀ nìyẹn, torí n kò bá a sọ nǹkan kan. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bó o fún ọmọ. Àfi bí iná lọ́rì ṣe yọ ní kọ́nà, tó dojú kọ wá gbọnrangandan. Mo já sítíárì sínú koríko. Lọ́rì náà kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ wa tìtì. Ẹ̀pà ti dà kálẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fọhùn fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

A tún lo ọdún mọ́kànlélógójì pọ̀ kí ó tó lọ sílé. N kò rí èsì fọ̀ sí ìbéèrè yẹn títí ó fi kú.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá tó: "Apá òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀ o, ẹ̀rù ń bà mí kí n má gbàgbé, ẹ bá mi máa wò ó." Ojú mẹ́rin ì bá máa ṣọ́ ọ̀nà.

Kí ló wá ń ṣe ẹ̀yin náà báyìí? Àwa ò mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù wá lọ ń kọ́? Ẹ̀ ń wo fọ́tò àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù, ọmọ wọn ń yí nínú yanrìn, ìyàwó wọn ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá rò pé ẹ̀yin nìkan ni ọkàn ń lù kìkì. Ta ló ń ya fọ́tò aago méjì òru? Ta ló ń gbé àwòrán ìgbà tó ń pariwo mọ́ ọmọ torí bàtà kan ṣoṣo tó sọnù láàárọ̀ ìrìnàjò? Ẹ fi ìdákẹ́kúdàákẹ́ yẹn sílẹ̀! Ẹ jókòó ti ìyàwó yín, ẹ jókòó ti ọkọ yín, kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sọ ọ́ síta: ohun báyìí ló ń bà mí lẹ́rù.

Tí ẹ bá sọ ọ́ síta, ẹ ó rí i pé ìwé ló máa parí òmíràn nínú ẹ̀. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó lo 90 ọjọ́, kó sì gbé ọkọ̀ tara ẹ̀ dání fún iye ọjọ́ kan náà. Ìwé adójútòfò tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Kútọnú ní 1982, ilé níbí lẹ ti máa gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń bá yín ṣe adójútòfò ọkọ̀, ẹ má dúró di bodè. Ẹ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tàgbà tọmọ. Ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ. Tó bá jẹ́ òbí kan ló ń kó wọn lọ, kí èkejì kọ̀wé pé òun mọ̀ sí i. Àwọn aṣọ́bodè yóò fún ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé wọ̀nyí pé pérépéré lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà. Ìwé ò lè báni sùn.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ yìí pé tí wọ́n bá ti bodè ńkọ́? Ẹ̀rù tó nídìí nìyẹn, torí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n tì í pa. Sẹ̀mẹ̀ ò ṣí títí di oṣù Kejìlá 2020, Ìdírókò di 2022. Ẹ pe ẹni tó bá wà lágbègbè náà nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ ó mọ bí nǹkan ṣe rí. Èyí tí ẹ lè béèrè, ẹ béèrè ẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó odindi ọjà Bódìjà sínú búùtù, torí ẹ̀rù ń ba òun náà pé kí ni àwọn ọmọ máa jẹ. Èèyàn ló ń gbé Benin! Wọ́n ń jẹ gàrí, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní àkàsà, ẹja sì ń jáde látinú òkun lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ sè sínú kúlà, kí ẹ mú ìrù, iyọ̀ àti ata dání, kí ẹ má bàa dé tí ẹ̀ ń wá ọjà kiri nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún. Ẹ bi onílé kí ẹ tó gbéra: ṣé gáàsì wà? Ìkòkò ńkọ́? Ẹ má gbé sílíńdà gáàsì sínú ọkọ̀ tí ọmọ wà, mo bẹ̀ yín.

Epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì níbẹ̀, ẹ fojú fò ó, ilé epo wà.

Ẹ má sì rìn lóru. Ẹ fẹ́ débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà torí pé owó ilé ti ń kà, àbí? Ẹ sùn ní Àgbádárìgì. Tó bá jẹ́ Tógò tàbí Ghana ni ẹ ń lọ, aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, kí lẹ wá ń sáré bá? Owó ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ pátápátá, onílé ò dá kọ́bọ̀ padà, mi ò sì rí ẹni tó ń sunkún owó lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ háyà ọkọ̀ nílùú Ọba, apá òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, títí kan ọmọ tó bá ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kí wọ́n máa pariwo ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró tí ẹ tún fẹ́ gbéra. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní ilé ìwòsàn lónìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó lanu sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún un pé mi ò ní lọ àfi tó bá sọ ohun tó ń já a láyà gan-an. Mo rò pé ó máa dárúkọ àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà, tàbí adigunjalè. Ó ní rárá. Ó ní òun ń rò ó pé ká ní ọkọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà Kútọnú, tí mẹkáníìkì dé, tí òun ò mọ ọ̀rọ̀ Faransé kan tí òun lè sọ, lójú àwọn ọmọ òun.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń fi aṣọ tútù nu ojú ọmọ dáwọ́ dúró. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Dádì, mo ṣe Faransé dé ìwé mẹ́wàá. Ẹ ò bi mí rí."

Èmi ni bàbá yín,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.