Òpó Ṣìmẹ́ǹtì Tí Wọ́n Kùn Bí Igi Ti Sú Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ àwọn ilé tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ bí inú igbó yìí. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí tuntun tó bá ti yọjú báyìí, òpó ṣìmẹ́ǹtì lẹ ó bá níwájú ẹ̀, wọ́n á fi tírówẹ́ẹ̀lì ha á bí èèpo igi, wọ́n á kùn ún ní búráùn, wọ́n á tún ya kókó sí i lára, wọ́n á ní nature làwọn ṣe. Nature wo? Òjò ọdún méjì péré, ọ̀dà á bó, eérú ṣìmẹ́ǹtì á jáde lábẹ́ ẹ̀.

Ilẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ti gbẹ́ igi la sì wà yìí o! Òpó tó ṣe sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ọba jókòó, olorì dúró gbàgbà lẹ́yìn ẹ̀, igi gidi ni, ó ti wà ní Chicago báyìí. Ilẹ̀kùn ààfin yẹn náà, wọ́n gbé e lọ fi hàn ní Wembley lọ́dún 1924, British Museum ló gbà á pátápátá.

Francis Kéré, ayàwòrán ilé ọmọ Burkina Faso, ńkọ́? Ilé tó kọ́ sí Kensington Gardens ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2017, igi táwọn ará abúlé ẹ̀ máa ń kóra jọ sábẹ́ ẹ̀ ló wò ṣe é, igi ló sì fi ṣe ògiri ẹ̀, ó kùn ún ní búlúù bí aṣọ ẹlẹ́lùú.

Wọ́n á ní ikán ńkọ́. Àárín ìrókò tó dúdú yẹn, ikán kì í sábà rí i ṣe, ara ẹ̀gbẹ́ tó funfun ló ń jẹ, àmọ́ àwọn kan á ra pákó tútù ní sọ́míìlì lónìí, wọ́n á kàn án lọ́la, wọ́n á ri ìdí òpó mọ́lẹ̀ lásán, tó bá wá jẹrà wọ́n á ní igi ò dáa. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gbé òpó lé orí kọnkéré, ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa kójò má máa nà án, ẹ kun sólíǹgọ́mù, oògùn tí kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi.

Tí wọ́n bá ní gígé igi ń run igbó, ìyẹn nìkan ni mo gbà fún wọn, torí ìrókò kì í tètè dàgbà, àwọn agégi sì ti ṣe igbó J4 l'Ógùn báṣubàṣu. Ẹ lo tíìkì tàbí mẹlínà tí wọ́n gbìn.

Tẹ́ ẹ bá tún fọ̀rọ̀ wá ayàwòrán ilé kan lẹ́nu wò, ẹ bá mi bi í: oko ta ló ti ra igi ẹ̀?

Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì