Bàbá Tó Ní A Kì Í Kàwé Mọ́, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Tèmi Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kọ́ ni mò ń ra ìwé ìròyìn yín nílé wa, bàbá àgbà mi ni. Òun náà ló gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lé mi lẹ́sẹ̀, tó fi ìka kan lẹ́tà bàbá kan tó ní àwa ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, pé fóònù la fi ń jí, fóònù la fi ń sùn, pé géèmù ti jẹ wá lọ́pọlọ tán. Bàbá àgbà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí bí mo ṣe ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi kọ̀wé.

Ọmọ ọdún 18 ni mí. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mò ń retí àdímíṣọ̀n, mo sì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Ìlọrin. Òótọ́ ni pé mò ń tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n inú fóònù yẹn náà ni mo ti ń kàwé, bàbá. Ojú rẹ̀ ti là lápá òsì, ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí ibi tó là, ṣe ni mo máa ń fi orí ara mi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìwé ò lè jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìtàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí a jókòó tí a ń fọwọ́ rán ìṣẹ́tí aṣọ, ó rí i pé mò ń nujú. Ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò kú, ìwé ni. Ó ní kí n kà á sókè kí òun náà gbọ́. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà ni ìyá ẹ fi bí ẹ ni?" Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òṣùwọ̀n tèmi tí mo fi ń wọn ìwé. Ìwé kan wà, tí mo bá ti la ẹnu báyìí, Yorùbá á máa bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo, màá làágùn lórí ẹ̀, ọ̀gá mi á sì ní, "Wọ́n ní kí ni?" Mo máa ń mọ èyí tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀ àti èyí tí ó kàn ń sọ̀rọ̀ nípa wa.

Ìwé tó pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ yẹn ni A Spell of Good Things tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, èyí tó jáde ní 2023. Ó wà lára àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà sọ́tọ̀ lọ́dún náà fún Booker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi kà á. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ wà nínú rẹ̀ ni. Ẹniọlá lorúkọ ẹ̀. Tíṣà ni bàbá ẹ̀, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, àtìgbà náà ni ilé wọn ò ti rójú. Kí ìwé ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni olùta ìwé ìròyìn kan ti tutọ́ sí ọmọ náà lójú. (Ọ̀gá Olóòtú, ẹ má bínú, mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ rán an.) Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀gá mi fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ tó wà lórí itan ẹ̀, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Lójú ọmọ ọlọ́mọ?" Kò tún gbé abẹ́rẹ́ náà mọ́ títí wọ́n fi mú iná dé.

Nígbà tí a dé inú ṣọ́ọ̀bù tí Ẹniọlá ti ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní ẹni tó kọ ìwé yìí ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbálẹ̀ rí tàbí kò gbálẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ibi tí mo ti kọsẹ̀. Ìkíni wọn, èébú wọn, bí ìyá ṣe ń bẹ ẹni tó jẹ lówó, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ́ sí Yorùbá bí ẹni ń bọ̀ wálé láti oko. Wọ́n tún fi àmì sórí orúkọ àwọn èèyàn inú ẹ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó, kí n rí ọ̀rọ̀ tó ní àmì nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Apá kan ò wù mí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń múra ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ìyá Wúràọlá, ọmọ olówó tó jẹ́ dókítà. Ó gùn jù fún mi. Ọ̀gá mi ò gbà. Ó ní ibẹ̀ gan-an ló dùn, ó ní kí n tún ibi aṣọ kà lẹ́ẹ̀kejì. Ó fẹ́ mọ ẹni tó rán an.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kọ Children of Blood and Bone ní 2018, ó kọ ìkejì ní 2019, ìkẹta sì jáde ní 2024. Mo ti ka méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka àkọ́kọ́. Àwọn kìnnìún oníwo tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin, ọmọbìnrin tó ń fi ọ̀pá jà, ọba búburú, kò síbi tó rẹ̀ mí. Mo gbọ́ pé Salvador ní Brazil ni obìnrin náà wà nígbà tó rí àwòrán àwọn òrìṣà wa, tí ìtàn ọ̀hún fi sọ sí i lọ́kàn. Mo rò ó títí. Ọmọ wa láti Amẹ́ríkà lọ bá òrìṣà wa pàdé ní Brazil. Àwa tí a wà nílé ńkọ́?

Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà, Ìlọrin wà lórí omi. Ìlọrin! Abúlé apẹja ni, wọ́n kọ́ ọ sórí òkun, ilé ń léfòó. Mo wo ojú fèrèsé wa ní Pàkátà, mo rí òrùlé páànù, mo rí ewúrẹ́ lórí ògiri. Odò Asà la ní, tó bá sì di ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ lọ wò ó. Àwọn àgbà sọ fún wa pé òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ló bí orúkọ ìlú yìí. Kò sírin, kò sí òkúta nínú Ìlọrin tirẹ̀, kò tilẹ̀ sí wàrà. Mo mọ̀ pé àlọ́ ni, ẹni tó ń pàlọ́ lè gbé òkun wá síwájú ààfin ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè ka orúkọ yẹn kó kàn dùn létí rẹ̀, kó máà mọ̀ pé ìlú kan wà níbì kan tí èèyàn ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́jà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ilẹ̀ tó wà nínú ìwé náà, "Orïsha", pẹ̀lú àmì tótó méjì lórí í, bí ìgbà tí eṣinṣin méjì balẹ̀ síbẹ̀. Ìyá àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níjà, Mama Agba ni wọ́n ń pè é, bíi pé orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Mama Agba mélòó ló wà ní agboolé wa nìkan!

Yorùbá pọ́ńbélé ni àwọn ọfọ̀ inú ìwé náà, mo fún obìnrin náà lóríyìn fún ìyẹn. Mo ka ọ̀kan fún bàbá àgbà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Èyí ò ṣe ọfọ̀. Ìkéde ni." Nígbà tí mo kà á ní Yorùbá fún ọ̀gá mi, ibi ọfọ̀ nìkan ni mi ò ti làágùn. Ìyókù, ṣe ni mò ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù sínú rọ́ọ̀gì. Síbẹ̀, kí n má parọ́, àbúrò mi obìnrin fẹ́ràn ìwé náà débi pé ó ya àwòrán Pàkátà, ó fi ọkọ̀ ojú omi sí ẹnu ọ̀nà wa, ó kọ orúkọ gbogbo wa sára ọkọ̀. Àwòrán ọ̀hún ṣì wà lára ògiri. Mi ò lè já a.

Bàbá tó kọ lẹ́tà máa ní kí n lọ ka Fágúnwà. Mo ti kà á o. Ògbójú Ọdẹ tó jáde ní 1938, ti bàbá àgbà ni mo kà, èyí tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti lọ. Kò sí ògbufọ̀ tí mo nílò níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pè mí ní ọ̀rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ìwàásù dé, mo máa ń fo ojú ewé kan tàbí méjì títí màá fi rí iwin mìíràn. Kí àwọn olùkọ́ má gbọ́.

Ó ku géèmù. Ẹ̀yìn ilé wa ni ilé géèmù wà, àbúrò mi ọkùnrin ò kúrò níbẹ̀. Mo máa ń lọ fà á wálé, èmi náà á sì jókòó. Páàdì méjì tí wọ́n fi ń darí géèmù ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti jẹ lójú, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni wọ́n fi so ó. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Láti 2023 ni wọ́n ti yọ FIFA kúrò nínú orúkọ géèmù yẹn, wọ́n ń pè é ní EA Sports FC, àmọ́ ẹ dé àdúgbò wa kí ẹ pe orúkọ tuntun yẹn, wọ́n á ní ẹ̀yin ta ni. Òyìnbó kan wà nínú ẹ̀ tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù. A kì í gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà àwọn ọmọ yẹn ń ròyìn fúnra wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wà níbẹ̀, tí Osimhen bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí onísákárà, á ní ó ti gbà á, ó ti yà, ó ti fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa ka òkúta, kí ó tó gbá a sílé, gbogbo ilé ti dìde. Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá tó dán, ẹ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ẹ mú igba náírà dání, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wòran lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbátan wa kan tó wá láti Èkó nígbà Iléyá gbé kọ̀ǹpútà wá, òun ló fi Overwatch, géèmù oníbọn kan, hàn mí. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Orisa, ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá tó ń jẹ́ Efi Oladele ló ṣe é. Ọ̀daràn ibẹ̀, Doomfist, Akande Ogundimu lorúkọ ẹ̀. 2017 ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì wọlé. Inú mi dùn sí Efi yẹn, ọmọbìnrin tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe eré náà kàn ń pariwo, "Orisa ti kú! Orisa ti kú!" Bàbá àgbà tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ jáde síta pẹ̀lú omi lójú, ó ní, "Òrìṣà wo ló kú nínú ilé mi?" Àwa tí a jẹ́ mùsùlùmí! Ìyẹn nìkan ni ohun tó dùn jù nínú géèmù náà. Ìyókù, ariwo ìbọn ni, ariwo ìbọn ò sì ní ògbufọ̀.

Ayò ni mo ń ta jù lórí fóònù. Ilé 12, ọmọ 48, bí wọ́n ṣe ń ta á lójúde wa náà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ta á tán tí mo rí i pé mo ti ṣì í ta, fóònù máa ń jẹ́ kí n dá ọwọ́ padà. Bí ó bá sì rí i pé mò ń ronú pẹ́, á fi iná yí ilé tó yẹ kí n kó ká. Mo ń na fóònù náà lánàbolẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo ti di ọ̀ta ayò. Mo lọ bá bàbá àgbà. Ó kó odù kan, ìyẹn ọmọ ayò rẹpẹtẹ sínú ilé kan, jọ sí igun ilé tirẹ̀, kò fọwọ́ kà á, ojú ló fi ń kà á. Mo fọwọ́ kan ọmọ ayò, mo fẹ́ dá a padà, ó ní, "O ti kó o. Ta á." Mo ta á. Ó kó odù ẹ̀, ó yí i ká ọpọ́n, ó jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun. Ní ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń bá a ta á, mi ò tíì pa á rí. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe máa ń padà lọ.

Nítorí náà, Ọ̀gá Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tí mo ní kò pọ̀. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan máa ròyìn ìwé tuntun àti géèmù tuntun níbẹ̀ ní Yorùbá, bí ẹ ṣe ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá sì mọ ẹni tó lè tú ìwé Adébáyọ̀ yẹn sí Yorùbá, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi ní òun á ra méjì, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹnu ń dùn mí.

Tí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ àmì orí orúkọ mi. Oríkì tí bàbá àgbà fi ń pè mí ni, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní "Asabi" lásán, á ní èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Àṣàbí
Pàkátà, Ìlọrin