Ẹ wo ẹsẹ̀ àpáta kí ẹ tó wo orí rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé jáde lórí ibi mẹ́wàá tí òbí lè kó ọmọ lọ gun àpáta nígbà ìsinmi. Àwòrán inú rẹ̀ rẹwà, mi ò lè purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, ohun tí mo rí kọ́ nípa ibi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò ju mẹ́ta lọ: bí àpáta náà ṣe ga tó, bí ó ṣe le tó, àti bí ìran ibẹ̀ ṣe dùn ún wò tó láti òkè. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń dá lọ. Ẹni tó kó ọmọ dání, orí àpáta kọ́ ni yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀, ìdí àpáta ni. Bí ẹ bá lo wákàtí mẹ́fà níbẹ̀, ọmọ kan lè má lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lórí okùn. Ìyókù, ilẹ̀ ló wà: ó ń jẹun, ó ń wá kòkòrò kiri, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, ó ń sùn. Ilẹ̀ yẹn gan-an ni àkọsílẹ̀ yín kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ojú mi ti rí i rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ (kì í ṣe tiyín, ẹ má bínú) la fi yan ibi tí a lọ. Ọmọ méjì ni mo ní. Ọmọbìnrin ni àgbà inú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ pé ibẹ̀ rọrùn fún ọmọdé, òótọ́ sì ni: ìpele 3 àti 4 ni ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tó wà lára àpáta náà, nínú ètò ìdíwọ̀n àwọn ará Faransé, ìyẹn ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọn kò kọ ni pé ibi tí èèyàn máa dúró sí lẹ́bàá àpáta náà kò fẹ̀ ju ibùsùn ẹlẹ́nìkan lọ, àti pé lẹ́yìn rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta wẹ́wẹ́ ló kù títí dé ìsàlẹ̀ àfonífojì.

Bàbá wọn di okùn mú fún ẹ̀gbọ́n, èmi di àbúrò mú. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo fi di ọrùn ọwọ́ ọmọ yẹn mú. Nígbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ńṣe ni mo jókòó, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti òkúta, mo di ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ mú gírígírí kó tó lè tọ̀. Inú bí i, mi ò sì dá a lẹ́bi. Orí èyí la wà tí a fi gbọ́ igbe láti òkè: “Òkúta!” Àwọn méjì kan ń gùn lápá òsì wa, ọ̀kan nínú wọn ló fẹsẹ̀ tẹ ohun tí kò dúró dáadáa. Òkúta tó tó ìkúùkù já wálẹ̀, ó ba àpò ẹrù wa, ó sì fọ́ ìgò omi tó wà nínú rẹ̀. Àpò náà kò jìnnà sí wa ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ẹ̀gbọ́n tó wà lórí okùn dé àṣíborí. Àbúrò kò dé, èmi náà kò dé, nítorí a rò pé ẹni tó ń gùn nìkan ló nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìsàlẹ̀ ni òkúta ń já bọ́ sí.

A kó ẹrù wa. Ọmọbìnrin mi sunkún títí a fi dé ibi ọkọ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tíì gùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìdánwò kan tí mo fi ń yan ibi tí a máa lọ. Ṣé mo lè jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin sá lọ ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn mi láìbojú wẹ̀yìn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, bóyá etí ọ̀gbun ni, bóyá odò ni, bóyá títì ọkọ̀ ni, a ò lọ, ẹwà àpáta náà ì báà gùn dé ọ̀run. Èkejì ni ohun tó wà lókè orí wa. Àpáta tó ní òkúta wẹ́wẹ́ lórí, tàbí tí ojú ọ̀nà mìíràn wà lókè ibi tí a máa jókòó sí, kì í ṣe ibi tí à ń tẹ́ ẹní ọmọ sí. Bí ẹ bá bá òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ nílẹ̀, tí ojú ibi tó ti ya ṣì ń dán, ẹ gbé ẹní yín kúrò níbẹ̀. Gbogbo wa ló sì ń dé àṣíborí báyìí, àti ẹni tó ń sùn. Àṣíborí tí wọ́n ṣe fún gígun àpáta ni kí ó jẹ́ o, torí pé ti kẹ̀kẹ́ kò mọ̀ nípa ohun tó ń já bọ́ láti òkè.

Ibi tó gba ìdánwò yìí dáadáa ni igbó Fontainebleau, ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí gúúsù ìlà-oòrùn Paris. Kò sí àpáta gíga níbẹ̀. Òkúta ńláńlá ló wà káàkiri abẹ́ igi bí agbo erin tó sùn, ilẹ̀ abẹ́ ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ iyanrìn funfun kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Okùn kò wúlò níbẹ̀. Fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹni tó ń gùn ni èèyàn ń gbé lọ. Ohun tó mú ibẹ̀ yàtọ̀ ni pé wọ́n kun ọfà kéékèèké àti nọ́ńbà sára àwọn òkúta, àwọ̀ kan fún ìrìn kan. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní 1, ẹ ó wá 2 lọ, ẹ ó wá 3 lọ, títí tí ìrìn náà á fi parí. Àwọ̀ ìyeyè rọrùn fún àgbà, àwọ̀ ọsàn le díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni búlúù, pupa àti dúdú. Ti ọmọdé ni funfun, wọ́n sì sábà máa ń fà á gba orí òkúta tí kò ga ju orí bàbá wọn lọ. (Ẹ ṣọ́ra ṣá o: funfun kan náà ni wọ́n ń lò níbòmíràn nínú igbó yẹn fún èyí tó le jù fún àwọn ògbóǹtarìgì. Bí ẹ bá rí i pé ọfà funfun náà gba òkè orí yín kọjá, ẹ mọ̀ pé ẹ ti ṣìnà.) Ọmọkùnrin mi kò mọ̀ pé òun ń gun àpáta. Nọ́ńbà ló ń wá kiri. Nígbà tó dé 11, ó sùn sórí iyanrìn, bàtà ìgunpáta ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Níbi tí kò sí okùn, iṣẹ́ òbí ni láti dúró sábẹ́ ọmọ kó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí a lè hán ọmọ bí bọ́ọ̀lù ni. Rárá. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ni, kí orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa nà mọ́ òkúta kejì. Òkúta oníyanrìn sì ni ti Fontainebleau. Bí òjò bá rọ̀ sí i, agbára rẹ̀ á dín kù, ibi tí èèyàn dì mú lè ké mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú àpáta lè ti gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ wá ohun mìíràn ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì gbàgbé láti nu iyanrìn kúrò lábẹ́ bàtà kí ọmọ tó gun òkúta, torí iyanrìn ọ̀hún ló ń bó ojú òkúta títí tó fi ń yọ̀.

Ẹni tó fẹ́ okùn, kí ó wo Frankenjura ní Jámánì, lápá àríwá ìlú Nuremberg. Òkúta ẹfun ni tibẹ̀, àpáta kéékèèké tó fara pamọ́ sínú igbó, ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀ ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí èèyàn máa gbé ọkọ̀ sí. Àléébù rẹ̀ ni pé irin àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn mọ́ àpáta níbẹ̀ láti fi okùn kọ́ máa ń ga lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá sì ṣubú kó tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Nítorí náà, àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó kọ́kọ́ gùn ún, kó fi okùn kọ́ irin òkè, kí ọmọ wá máa gùn pẹ̀lú okùn tó ti wà lókè orí rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ti àwọn àpáta kan pa nígbà ìrúwé, nígbà tí àṣá àti òwìwí ńlá bá ń pamọ síbẹ̀. Ẹ ka pátákó kí ẹ tó tú okùn. Ní Kánádà, Smoke Bluffs tó wà ní Squamish, láàárín Vancouver àti Whistler, tún tẹ́ mi lọ́rùn: àkọ òkúta ni, àwọn ògiri kúkúrú tó pọ̀ nínú ọgbà kan ṣoṣo, ìlú sì wà nítòsí bí ọmọ bá ní ó ti sú òun.

Àwọn ibi tó lókìkí jù lọ wá ńkọ́? Céüse ní ilẹ̀ Faransé lẹ́wà débi pé èèyàn ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí kan ni àgbà fi ń gun òkè kó tó dé ìdí àpáta. Ìwé atọ́nà tó bá ní ogún ìṣẹ́jú ni ìrìn, ọgọ́ta ni mo máa ń kà á sí tí ẹsẹ̀ kékeré bá wà níbẹ̀, nítorí gbogbo ìgbín tó wà lójú ọ̀nà la máa kí. Kalymnos ní Gíríìsì dára fún ìdílé, àmọ́ ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa lọ àti wákàtí tí ẹ máa gùn. Ọ̀pọ̀ àpáta tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, òjìji ló máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, oòrùn á dé, àpáta á gbóná bí ààrò. Ewúrẹ́ pọ̀ lórí àwọn òkè ibẹ̀, wọ́n sì máa ń ti òkúta sílẹ̀. Ẹ rí i pé orí ọ̀rọ̀ àṣíborí la tún padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan bí àpáta ṣe dúró, torí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yín rárá. Àpáta tó fẹ̀yìn tì bí ẹni rọ̀gbọ̀kú sórí àga ló yẹ ọmọdé. Ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń gun irú rẹ̀, bó bá sì jábọ́, ara àpáta náà ló máa fara tì. Èyí tó tẹ̀ síwájú ni ẹ sá fún: bí ọwọ́ ọmọ bá já, okùn á fì í jáde sínú afẹ́fẹ́, kò ní lè padà sí ara òkúta mọ́. Ojú ọ̀nà tó gùn jù tún ní wàhálà tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ọmọ fúyẹ́. Bí okùn bá ń ha ara òkúta, ìwúwo ọmọ lè má tó láti fà á wálẹ̀. Ẹ ń tú okùn nísàlẹ̀, ọmọ ń rọ̀ lókè, ó ń ké. Mítà mẹ́jọ sí méjìlá, kó gùn tààrà, ó tó. Ti bẹ́líìtì tí à ń so okùn mọ́ sì rèé: ọmọ tí kò tíì ní ìbàdí, èyí tó máa dé èjìká ni kó wọ̀. Bí ẹ bá lè fa bẹ́líìtì ìbàdí kọjá itan rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bí ẹ ṣe dì í tó, ó lè yọ kúrò nínú rẹ̀ bó bá dorí kodò.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, fún òbí tó ti mọ okùn dì ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó má lọ fi fídíò kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Kí ó gba afinimọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí IFMGA, àjọ àgbáyé àwọn afinimọ̀nà orí òkè, tàbí èyí tí orílẹ̀-èdè tó ń lọ fọwọ́ sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ fi ìlà kan kún ti ibi kọ̀ọ̀kan: bí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣe rí, ìgbà tí òjìji máa ń wà níbẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ kékeré máa fi débẹ̀. Bí ẹni tó máa kọ ọ́ kò bá ní ọmọ ọdún mẹ́rin tó lè mú dání lọ wò ó, ẹ kàn sí mi, tèmi ti di mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kí ìgbín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Abiyamọ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín