Ẹ má polówó "agbára sójà ara" fún wa mọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ojú ewé ìlera yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti ní kí àwọn òǹkàwé máa mu oògùn inú ìgò kan láti fi kún agbára sójà ara, pàápàá lásìkò òjò yìí tí ibà pọ̀ níta. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé kejì, ìpolówó oògùn ọ̀hún gan-an ni mo bá níbẹ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Èmi kò bá àgbo jà. Àmọ́ láàbù ni mo ti ń jẹun, n kò sì lè dákẹ́ lórí èrò pé bí sójà ara bá ṣe ń lágbára sí i tó ni àlàáfíà ṣe ń pọ̀ sí i tó.

Ní 1996, ní ìlú Strasbourg nílẹ̀ Faransé, Jules Hoffmann àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń yẹ àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù wò. Jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, wà lára wọn tó ń jẹ́ Toll. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé òun ló ń jẹ́ kí ọmọ inú ẹyin mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ikùn. Hoffmann wá rí i pé eṣinṣin tí Toll rẹ̀ bàjẹ́ kò lè dènà kòkòrò irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu: kòkòrò náà á hù bò ó, á sì pa á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ruslan Medzhitov àti Charles Janeway ní Yale, ní Amẹ́ríkà, rí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn. Irú wọn là ń pè ní Toll-like receptor, TLR ní ìkékúrú. Mẹ́wàá ni tiwa.

Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni àwọn purotéènì tí jíìnì wọ̀nyí ń mú jáde ń ṣe. Àwọn kan dúró sí ara sẹ́ẹ̀lì, àwọn kan wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yẹ gbogbo ohun tó bá ń kọjá wò. Wọn kò mọ orúkọ àrùn kankan, àmì tí kòkòrò kò lè bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń wá. TLR4 ń wá ọ̀rá tó bo ara irú àwọn bakitéríà kan, TLR5 ń wá ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, TLR7 ń wá RNA, ìyẹn ìwé àṣẹ inú àwọn fáírọ́ọ̀sì kan. Èyí tó bá rí tirẹ̀ á fọn fèrè. Láàárín wákàtí díẹ̀ ara á gbóná, ojú ibẹ̀ á wú, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe antibody (ohun ìjà tí ara ń rọ fún àrùn kan pàtó), tó máa ń gba ọjọ́ púpọ̀, tó dìde rárá. Àwọn kòkòrò kan gbọ́n ju ọlọ́dẹ lọ. Èyí tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun máa ń da aṣọ kan bora tí TLR4 kì í fi í tètè rí i.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Àwọn eku láàbù kan wà tí wọ́n ń pè ní C3H/HeJ. Bí wọ́n bá fún eku mìíràn ní ọ̀rá bakitéríà tí mo sọ yẹn lábẹ́rẹ́, á kú. Àwọn wọ̀nyí kì í kú. Ní 1998, Bruce Beutler ní Dallas rí ìdí rẹ̀: TLR4 wọn ti bàjẹ́. Wọn kò rí májèlé náà rárá, ara wọn kò sì dìde sí i. A jẹ́ pé májèlé yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa àwọn eku yòókù, ariwo tí ara wọn ń pa ló ń pa wọ́n. Àmọ́ ẹ má tíì yọ̀ fún C3H/HeJ o. Bakitéríà Salmonella díẹ̀ tí eku mìíràn máa ń ṣẹ́gun, òun ló ń pa tiwọn. Beutler àti Hoffmann wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ènìyàn. Ní 2020, nígbà Kòrónà, àwọn dókítà ní Netherlands rí ọ̀dọ́kùnrin 4 láti ìdílé 2, ara wọn le tẹ́lẹ̀, tí àrùn náà dá wọn gúnlẹ̀ gan-an. TLR7 wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ní 2022, wọ́n ròyìn ọmọbìnrin kan ní Spain tí TLR7 tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Lupus ló fún un, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Jíìnì kan náà ni. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni ìgò yẹn fẹ́ fi kún agbára rẹ̀?

Àwọn tó mọ ẹnu ọ̀nà TLR4 dáadáa ṣe oògùn kan, eritoran, láti fi dí i fún àwọn tí ariwo yìí ń pa lọ, àìsàn tí wọ́n ń pè ní sepsis. Wọ́n dán an wò lára nǹkan bí 2,000 aláìsàn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013: ikú kò dín kù. Ibi tí a ti rí i pé TLR4 ṣeé fọwọ́ kàn lérè ni inú abẹ́rẹ́ àjẹsára. RTS,S, àjẹsára ibà ẹ̀fọn tí Orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní 2024, ní ọ̀rá bakitéríà nínú, tí wọ́n ti mú májèlé rẹ̀ rọlẹ̀, tí wọ́n sì wọ̀n níwọ̀nba kó lè jí TLR4 díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dán an wò kí ó tó dé apá ọmọ.

Nítorí náà, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ojú ewé yẹn kọ. Ẹ sọ fún àwọn òǹkàwé pé ẹni tí ibà ń ṣe, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń dàrú, tí kò tọ̀ tó bó ṣe yẹ, ilé ìwòsàn ni kó forí lé lọ́jọ́ náà gan-an, kó má jókòó ti ìgò kankan. Kí ẹ sì bi olùpolówó yín léèrè, TLR wo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni oògùn rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, báwo ló sì ṣe mọ̀? Bí ó bá dáhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, màá rà á kà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan, Ìbàdàn.